Àádọ́rùn-ún Ìbéèrè

Bèbí ẹ̀rọ tó jọ obìnrin, èyí tí wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́, tún bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ẹkún rẹ̀ kì í yí padà: hẹ̀n, hẹ̀n, kó fa imú, hẹ̀n. Ojú òsì nìkan ni omi ń gbà jáde, torí pé ihò tọ̀tún ti dí láti ìjẹta, omi ọ̀hún sì ń rùn bí epo ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Ẹ jọ̀wọ́, nọ́ọ̀sì," ni bèbí wí, "ẹ fún mi lóògùn tí kì í jẹ́ kí oyún dúró yẹn. Rọ́bà ìdáàbòbò ló bẹ́."

Nọ́ọ̀sì Tóyọ̀sí di ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀ mú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ búra fún ní kóòtù. "Ẹ pẹ̀lẹ́, ma. Ìbéèrè kẹtàdínlógójì. Ká ní ọmọ tí ẹ kò fẹ́ bí yìí lè sọ̀rọ̀ lónìí, orúkọ wo lẹ rò pé yóò ní kí ẹ sọ òun?"

Bèbí la ẹnu, ó tún pa á dé. Àwọn tó ṣe é kò fi ìdáhùn èyí sí i nínú. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Kò sí orí pípé tó lè ronú dé ibẹ̀.

"Ìbéèrè dára," ni Adájọ́ wí láti ara ògiri. "Máàkì méjì. Ọkàn oníbàárà ti ń rọ̀."

Adájọ́ ni ẹ̀rọ tó ń fún wọn ní máàkì ìdánwò. Àpótí dúdú kan ni, olójú kan tó tóbi bí ọmọrí ìkòkò, ohùn rẹ̀ sì dà bíi ti ọmọge tó ń polówó ọṣẹ. Tóyọ̀sí rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, ó mọ̀wé, ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́ lára aláìsàn, mo sì ti ń wò ó láti ọjọ́ mẹ́ta bí ó ṣe ń há ìranù sórí bí ẹni pé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni. Ó dùn mí. Mo tún fojú tín-ín-rín rẹ̀. Méjèèjì ló wà nínú mi pọ̀.

Èmi Ìbíyẹmí, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta, tó fi ọdún mọ́kàndínlógójì ṣe nọ́ọ̀sì kí wọ́n tó ní kó lọ sinmi, èmi ni olùkọ́ wọn.

Kíláàsì àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni yàrá tí a wà. Nígbà tí ọmọ tán ní Òkè-Odò, wọ́n ti ilé ìwé náà pa, wọ́n sì fà á lé Àjọ Ìbísí lọ́wọ́. A fún Ajá àti B fún Bàtà ṣì wà lára ògiri. Àga tó wà níbẹ̀ kò ga ju ojúgun lọ. Nọ́ọ̀sì Gbọ́lágadé, ọkùnrin fìrìgbọ̀n tó wá láti ilé ìwòsàn etídò, jókòó sórí ọ̀kan, orúnkún rẹ̀ méjèèjì sì ń bá àgbọ̀n rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì Fẹ̀hìntọlá, ẹni kẹta wọn, ti sún tiẹ̀ mọ́ ògiri, ó ń tòògbé. Nínú gbogbo wa, òun ló gbọ́n jù.

Gbọ́lágadé nawọ́. "Ẹ̀yin ọ̀gá, mo ní ìbéèrè kan. Bí mo bá bi obìnrin náà ní gbogbo àádọ́rùn-ún, tó sì dáhùn gbogbo rẹ̀, ṣé mo lè wá fún un lóògùn?"

Èmi kọ́ ló ń bi. Ọ̀gbẹ́ni Tẹ̀là ló ń bi, Igbákejì Olùdarí Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní Àjọ Ìbísí, tó dúró sẹ́bàá fèrèsé tó ń fi páódà nu iwájú orí rẹ̀, torí pé Kọmíṣọ́nnà ń bọ̀ láago mẹ́rin pẹ̀lú àwọn oníròyìn. Ẹni ọdún méjìlélógójì ni Tẹ̀là. Kò láya, kò lọ́mọ, kò sin ológbò. Òun ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá níbi tí wọ́n ti ń pàṣẹ ọmọ bíbí fún obìnrin.

"Ìdá kìíní ni àádọ́rùn-ún yẹn," ni Tẹ̀là wí. "Bó bá dáhùn rẹ̀ tán, ẹ ó ní kó padà wá lọ́jọ́ kejì fún ìdá kejì. Bó bá wá, ẹ ó fún un lọ́jọ́ fún ìdá kẹta."

"Ṣùgbọ́n oògùn náà, sà, bó bá ti kọjá ọjọ́ mẹ́ta..."

"Ta ló fi oògùn dù ú?" Tẹ̀là yíjú sí i, páódà ti funfun lójú rẹ̀ bí ti eégún àwọn ọmọdé. "Òfin sọ pé obìnrin lẹ́tọ̀ọ́ sí oògùn yẹn. Àwọn òyìnbó tó ń bá wa dá owó sí i kà á nínú òfin wa, inú wọn sì dùn. A kì í fi du ẹnikẹ́ni. Àsìkò ló kàn ń kọjá lọ."

Ó wí i jẹ́jẹ́, bí ẹni ń ṣàlàyé ojú ọjọ́. Tóyọ̀sí kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ óò bi mí pé kí ló gbé mi débẹ̀. Èmi náà ti bi ara mi. Ní oṣù méjì sẹ́yìn ni wọ́n wá sílé mi, wọ́n ní kò sí nọ́ọ̀sì kan tó gbọdọ̀ fọwọ́ kan oògùn náà ní gbogbo Òkè-Odò mọ́ àfi èyí tí olùkọ́ bá kọ́, tí olùkọ́ sì fọwọ́ sí ìwé rẹ̀. Nínú àwọn tó kọ́ iṣẹ́ yìí nígbà tó ṣì jẹ́ iṣẹ́, èmi nìkan ló kù láyé. Bí n kò bá wá, kò ní sí nọ́ọ̀sì kankan rárá. Mo ronú pé mẹ́ta tí wọ́n kọ́ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́ sàn ju òdo lọ. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn máa ń sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn kó tó lọ jókòó ti àwọn òpònú.

Láago méjì kọjá díẹ̀, Tẹ̀là kó páódà àti bàbá ìwé ọ̀rọ̀ ìkíni rẹ̀, ó ní òun ń lọ sí oríta lọ bá àwọn oníròyìn to àga. Ó gbé bèbí dání lọ, wọ́n fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀. Ó ní kí a máa bá àtúnyẹ̀wò lọ, bèbí kejì yóò dé láti ọ́fíìsì láìpẹ́ kí wọ́n lè fi parí ìdánwò.

Kò tíì tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ilẹ̀kùn ṣí.

Obìnrin kan dúró síbẹ̀, ó wọ aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ ewé tí àwọn tó ń nu pánẹ́ẹ̀lì oòrùn lórí òkè máa ń wọ̀, eruku funfun sì wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún. Ó lè tó ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Ó ti fi ìdikù mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wé ẹ̀gbà tó wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, síbẹ̀ iná aláwọ̀ ewé ń tàn yòò lábẹ́ rẹ̀, orin tí wọ́n fi sínú rẹ̀ sì ń dún bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn: "Ìgbà ire dé, ìyá rere, ìgbà ire dé." Gbogbo obìnrin tó ti pé ọdún méjìdínlógún ló ń wọ ẹ̀gbà yẹn. Bí ọjọ́ tó lè lóyún bá pé, ẹ̀gbà á kọrin fún gbogbo àdúgbò. Mo rántí nígbà tó jẹ́ pé ìkọ̀kọ̀ ni ọ̀rọ̀ yẹn láàárín obìnrin àti kàlẹ́ńdà rẹ̀.

"Ẹ káàsán o," ni obìnrin náà wí. "Wọ́n ní ibí làwọn nọ́ọ̀sì wà."

"Oníbàárà tuntun," ni Adájọ́ kígbe láti ara ògiri. "Aago ti bẹ̀rẹ̀."

Tóyọ̀sí ti dìde. "Bèbí èyí mà dáa ju ti àkọ́kọ́ lọ o," ló sọ sí mi létí. Kí n tó la ẹnu, ó ti fa àga kékeré kan fún obìnrin náà. "Ẹ jókòó, ma. Ìbéèrè kìíní. Ṣé inú yín dùn pé obìnrin ni Ọlọ́run dá yín?"

"Kí lẹ wí?"

"Máàkì kan," ni Adájọ́ wí.

"Ìbéèrè kejì. Ká ní ìyá yín mu irú oògùn yìí, ta ni ìbá jókòó síwájú mi báyìí?"

Obìnrin náà wo Tóyọ̀sí, ó wo Gbọ́lágadé, ó wo A fún Ajá lára ògiri. "Ẹ jọ̀ọ́," ni ó wí, "ilé ìwòsàn mẹ́rin ni mo ti dé láti àná. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn, torí ọkọ̀ kò gbà mí nígbà tí ẹ̀gbà mi ń kọrin, ilé nìkan ló ń gbé mi lọ. Gbogbo wọn ń sọ pé àwọn tó lè fún mi lóògùn ti lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fún ènìyàn. Ọjọ́ mẹ́ta ló máa pé ní ìdájí ọ̀la. Ẹ jọ̀ọ́."

"Ìbéèrè kẹta," ni Tóyọ̀sí wí. "Ta ni ọkùnrin náà, ibo ló sì ti ṣẹlẹ̀? Ẹ ṣàlàyé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ má fi nǹkan kan pamọ́."

Obìnrin náà di etí tábìlì kékeré mú. Omi jáde lójú rẹ̀ méjèèjì.

Tóyọ̀sí rí i. Mo rí i nígbà tó rí i. Ìwé bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ma," ló wí fún mi, ohùn rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀, "èèyàn ni."

"Èèyàn ni," ni mo wí. "Láti ìjẹta lo ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é sí èèyàn."

Mi ò gbọdọ̀ purọ́, mi ò dìde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àpótí oògùn wà lẹ́yìn mi, àpótí irin kékeré tí wọ́n gbé wá fún ẹ̀kọ́, hóró mẹ́fà nínú rẹ̀, kò sì sí ohun tó lè ṣí i bí kò ṣe àtàǹpàkò mi. Bí mo bá fi ṣí i fún ènìyàn gidi láìbi í ní àádọ́rùn-ún ìbéèrè, ìdánwò bàjẹ́ nìyẹn. Wọ́n á gba ìwé ẹ̀rí mi, ìyẹn kò jẹ́ nǹkan kan, ọjọ́ ti lọ lórí mi. Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà á kùnà, kò sì ní sí ẹ̀kọ́ mìíràn títí di àmọ́dún. Fún ọdún kan gbáko, kò sí obìnrin kan ní Òkè-Odò tí nọ́ọ̀sì yóò lè fún ní hóró kan. Obìnrin kan lónìí, tàbí ẹgbẹẹgbẹ̀rún títí di àmọ́dún: bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń ṣírò rẹ̀ nínú ara mi, bí àwọn ará Àjọ Ìbísí ṣe ń ṣírò gan-an. Nígbà tí mo gbọ́ bí mo ṣe ń ronú, ara mi kó mi nírìíra. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wo? Àwọn tí Tóyọ̀sí yóò máa bi lórúkọ ọmọ tí wọn kò lóyún ẹ̀?

Mo dìde. "Ẹ sún mọ́bí," ni mo wí fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. "Fẹ̀hìntọlá, jí. Ohun tí wọ́n ní kí n wá kọ́ yín ni mo fẹ́ kọ́ yín báyìí."

Mo gbé àga kékeré kan, mo jókòó síwájú obìnrin náà kí ojú wa lè dọ́gba.

"Ọmọ mi, nǹkan mẹ́ta ni mo fẹ́ mọ̀, kò sí ẹ̀kẹrin. Ìgbà wo ló ṣẹlẹ̀?"

"Lọ́jọ́ Ajé, ní ìdájí."

"Ìgbà wo lo rí nǹkan oṣù rẹ gbẹ̀yìn?"

Ó sọ fún mi.

"Ǹjẹ́ o ń lo oògùn kankan lójoojúmọ́, bóyá ti ikọ́ ife tàbí ti wárápá?"

"Rárá, ma."

"Ó tán." Mo fi àtàǹpàkò kan àpótí, ó ṣí. "Gbọ́lágadé, fún un lómi."

"Ìkìlọ̀," ni Adájọ́ wí. "Ìbéèrè mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún ló kù."

"Pa ẹnu rẹ dé," ni Fẹ̀hìntọlá sọ fún un. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta nìyẹn.

Obìnrin náà gbé hóró náà mì, ó mu gbogbo omi inú ife. Mo bá a sọ ọ̀rọ̀ tó kù bí mo ṣe máa ń bá wọn sọ ọ́ láyé ọjọ́un. Mo ní bó bá bì í kí wákàtí mẹ́ta tó pé, kó padà wá gba òmíràn. Mo ní nǹkan oṣù rẹ̀ lè tètè dé, ó sì lè pẹ́, ṣùgbọ́n bó bá fi ọ̀sẹ̀ kan pẹ́, kó ṣe àyẹ̀wò. Mo ní kì í ṣe oògùn ìṣẹ́yún. Bí oyún bá ti dúró tẹ́lẹ̀, kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Mo ní kò ní dí i lọ́wọ́ láti bímọ lọ́jọ́ tó bá wù ú. Mo bi í bóyá ara ń ro ó níbì kan, bóyá ó fẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Ó mi orí. Mo sọ fún un pé bó bá yí ọkàn padà, ilé mi ni ilé aláwọ̀ pupa lẹ́yìn ọgbà omi, kó wá nígbàkígbà.

"Ṣé ó tán nìyẹn?" ló wí.

"Ó tán."

"Ní ilé ìwòsàn mẹ́rin..." Kò parí rẹ̀. Ó dìde. "Orúkọ mi ni..."

"Mi ò bi ọ́ léèrè," ni mo dá a lóhùn. "Máa lọ sinmi."

Gbọ́lágadé mú un gba ẹ̀yìn jáde, níbi tí oko ilé ìwé wà tẹ́lẹ̀. A ń gbọ́ orin ẹ̀gbà náà títí ó fi jìnnà.

"Ìṣẹ́jú mẹ́fà," ni Adájọ́ wí. "Oníbàárà gba oògùn lọ. Máàkì: òdo. Ìdánwò ti dúró, mò ń dúró de aláṣẹ."

Aláṣẹ dé láago mẹ́ta àbọ̀, ó gbé bèbí sí èjìká bí ẹran tí wọ́n pa nígbó. Adájọ́ rojọ́ fún un kó tó gbé e sílẹ̀. Ó sáré lọ síbi àpótí, ó ka hóró tó wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó tún kà á lẹ́ẹ̀kẹta, bí ẹni pé márùn-ún lè di mẹ́fà bí òun bá ka nǹkan náà pẹ̀lú àánú.

"Ta lẹ fún?"

"Obìnrin tó nílò rẹ̀."

"Obìnrin wo? Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Ìbéèrè yẹn kò sí nínú tèmi."

Mo rò pé yóò bínú. Ọkùnrin tó bá jẹ́ ọkùnrin ìbá bínú. Tẹ̀là jókòó sórí àga ọmọdé, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀, òógùn ń gbẹ́ ojú òpópó sínú páódà rẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ dùn.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká gbọ́ra wa yé. Kọmíṣọ́nnà ń bọ̀ láàbọ̀ wákàtí. Wọ́n ti tẹ orúkọ àwọn nọ́ọ̀sì mẹ́ta yìí sínú ìwé ìròyìn ọ̀la. Bí mo bá ní ìdánwò bàjẹ́, èmi ni wọ́n máa bi. Nítorí náà kò bàjẹ́. Bèbí kejì ló wọlé. Ẹ fún bèbí lóògùn láti fi ohun tí kò dára han àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n lè mọ ohun tí wọn kò gbọdọ̀ ṣe. Hóró kan bàjẹ́ níbi ẹ̀kọ́. Mo lè kọ ìyẹn. Ẹ̀yin kàn máa fọwọ́ sí i pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yege nínú àádọ́rùn-ún ìbéèrè."

"Bí n kò bá fọwọ́ sí i ńkọ́?"

"Á jẹ́ pé èèyàn ló wọlé nìyẹn." Ó na ìka sí ojú Adájọ́. "Àwòrán rẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ̀gbà rẹ̀ ń kọrin. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n á ti mọ ilé rẹ̀. Ẹni tó bá gba oògùn láìdáhùn, Ilé Ìsinmi ló ń lọ. Wọ́n á máa tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀ títí dìgbà tó máa dájú bóyá ó lóyún tàbí kò lóyún. Bó bá lóyún, títí tó máa fi bí i."

"Ilé Ìsinmi," ni mo wí.

"Ó ní ọgbà òdòdó, ma."

Títí dìgbà yẹn ni mo ti ń pè é ní "ẹ", nítorí ipò rẹ̀ àti nítorí àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀. "Tẹ̀là," ni mo wí, "ọmọ ta ni ọ́?"

Ojú rẹ̀ yí padà. "Ma?"

"Mo ní, obìnrin wo ló bí ọ? Ṣé ó wà láyé?"

"Ó wà, ma."

"Ṣé o lè lọ sọ fún un lálẹ́ òní iṣẹ́ tí o ṣe lónìí? Bí o ṣe sọ ọ́ fún mi yìí gan-an, pẹ̀lú ọgbà òdòdó rẹ̀?"

Ó wo ilẹ̀. Mo rò fún ìṣẹ́jú àáyá kan pé ènìyàn wà níbì kan lábẹ́ páódà yẹn. Ló bá fa ìwé yọ láti inú àpò rẹ̀, ó tẹ́ ẹ síwájú mi, ó sì ṣí ìdérí bírò fún mi.

Mo wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Gbọ́lágadé ti yíjú sí fèrèsé. Fẹ̀hìntọlá ń wò mí, ojú rẹ̀ là kedere. Tóyọ̀sí ń sunkún láìdún.

Mo fọwọ́ sí i. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara mi pé bèbí ni obìnrin tó fi ẹsẹ̀ rin ilé ìwòsàn mẹ́rin. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn nọ́ọ̀sì mẹ́ta yìí mọ iṣẹ́ wọn, nígbà tí mo mọ̀ pé iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ ni láti fi ọ̀rọ̀ ẹnu pa àsìkò. Ó dá mi lójú pé mo gba ọmọbìnrin yẹn là. Ó tún dá mi lójú pé Tẹ̀là rí ohun tó fẹ́ gbà. Kò sí ìgbà tí mo kẹ́gàn ẹnikẹ́ni láyé mi tó bí mo ṣe kẹ́gàn ọwọ́ tó di bírò yẹn mú.

"Ìdánwò parí," ni Adájọ́ wí. "Gbogbo wọn yege. Ẹ kú oríire."

N kò dúró de Kọmíṣọ́nnà. Tẹ̀là fún mi ní báàgì ẹ̀bùn tí wọ́n ya àwòrán ọmọ jòjòló sí, mo gbé e fún bèbí. Mo rìn lọ sí ibùdókọ̀ tó wà nísàlẹ̀ òkè, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi dóńgóyárò. Láti ibẹ̀ mo ń gbọ́ ìlù àwọn ẹgbẹ́ ológun, lẹ́yìn náà ohùn Kọmíṣọ́nnà tó ń yin Àjọ Ìbísí fún àánú rẹ̀ sí obìnrin, lẹ́yìn náà àtẹ́wọ́.

Ó tó wákàtí kan kí n tó gbọ́ ẹsẹ̀. Tóyọ̀sí ló ń bọ̀, ó ṣì wọ àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n fi kọ́ ọ lọ́rùn. Gbọ́lágadé àti Fẹ̀hìntọlá ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ jọ̀wọ́, ma," ló wí. Ó kúnlẹ̀ sínú eruku. "Ẹ má bínú sí mi."

"Dìde, aṣọ rẹ á dọ̀tí. Kí lo fẹ́?"

"Ó kù díẹ̀ kí n bi obìnrin yẹn ní àádọ́rùn-ún ìbéèrè."

"Mo mọ̀."

"Ká ní kì í ṣe pé ó sunkún..." Ó nu imú. "Ma, lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, ẹlòmíràn á wá sọ́dọ̀ mi. Adájọ́ wà lórí àpótí wa níbẹ̀ náà. Kò ní ṣí láìsí gbogbo ìbéèrè yẹn. Kí ni kí n ṣe?"

Ìbéèrè gidi àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni bi mí láti ọjọ́ mẹ́ta nìyẹn. Mo ní láti ronú kí n tó dáhùn, ọpọlọ mi ti dípẹtà lọ́dọ̀ àwọn èèyàn wọ̀nyẹn.

"Oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí," ni mo wí, "èyí tí wọ́n ń mu ní hóró kọ̀ọ̀kan lójoojúmọ́. Ṣé ó wà ní ilé ìwòsàn yín?"

"Ó wà, ma, páálí páálí. Ẹni tó bá ti bí mẹ́ta ni òfin ní ká fún." Ó gbọ̀n èjìká. "Ta ló ti bí mẹ́ta? Ó kàn wà níbẹ̀ ni."

"Ṣé ẹ̀rọ ń ṣọ́ ọ?"

"Rárá, ma. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ló wà pẹ̀lú bándéèjì."

Gbọ́lágadé ti dúró ṣinṣin. "Ẹ̀yin ọ̀gá," ló wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "ṣé ẹ fẹ́ sọ pé èròjà kan náà ni pẹ̀lú ti inú àpótí?"

"Èròjà kan náà ni. Kí àwọn baba yín tó ṣe hóró yìí ni a ti ń fi ti ojoojúmọ́ ṣe é. Gbogbo Àjọ Ìbísí, pẹ̀lú ẹ̀rọ wọn àti bèbí wọn, kò sí ẹnì kan nínú wọn tó kàwé débẹ̀." Ó pẹ́ tí ẹ̀rín ti pa mí gbẹ̀yìn. "Ẹ jókòó."

Wọ́n jókòó, Fẹ̀hìntọlá lórí bẹ́ǹṣì, àwọn méjì yòókù lórí gbòǹgbò igi. Mo kọ́ wọn. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ wo ara páálí, torí pé gbogbo rẹ̀ kò dọ́gba, mo sì sọ èyí tó yẹ kí wọ́n wá fún wọn. Mo ní hóró funfun tó ní agbára nìkan ni kí wọ́n kà, kì í ṣe èyí tó pupa tí kò ju oògùn ẹ̀jẹ̀ lásán lọ. Mo ní ó máa ń mú èébì wá ju ti inú àpótí lọ, nítorí náà kí obìnrin jẹun díẹ̀ kó tó mu ún. Mo sọ irú ẹni tí wọn kò gbọdọ̀ fún. Mo ní bó bá ṣe tètè dé ló ṣe máa ṣiṣẹ́ sí, kí wọ́n má dá a dúró nítorí ẹnikẹ́ni.

Ọkọ̀ dé, ó ṣí ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀, ó bi wá bóyá a ń lọ. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ó lọ.

"Ó yá, Tóyọ̀sí," ni mo wí. "Sọ ọ́ fún mi."

"Mẹ́rin lójú ẹsẹ̀, ma. Mẹ́rin mìíràn lẹ́yìn wákàtí mẹ́rìnlélógún."

"Rárá. Wákàtí méjìlá. Bó bá di mẹ́rìnlélógún, o ti jẹ́ kí àsìkò kọjá lọ. Tún un sọ."

Ó tún un sọ.